Ìyà tí koríko jẹ kọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń jogún

Ẹni tó bá ń sin àgbò nílẹ̀ Rẹ́mọ mọ ohun tí ojú ẹran ń rí láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì. Ọyẹ́ á wọlé, èèsún ẹ̀bá odò á gbó, á le bí igi, àgùntàn á gbóòórùn rẹ̀, á sì gbórí kúrò. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn tó ń yan gàrí ń dà nù nígbà òjò á wá di ohun tí à ń fowó rà. Irú àsìkò yìí ni ìmọ̀ràn kan máa ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn wa: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ní Kánádà bá yín fi irúgbìn koríko ibẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tó ti rí yìnyín, kí ni ọyẹ́ fẹ́ fi í ṣe?”

Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, àmọ́ òdì ni. Apá ti ọyẹ́ rọrùn láti yanjú. Òtútù ọyẹ́ lọ́dọ̀ wa kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi ò sì lè dì níbẹ̀. Gbígbẹ ni ọyẹ́ fi ń pa koríko, bó ṣe ń la ètè wa náà nìyẹn. Èyí tó nípọn nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìgbàgbọ́ pé ìyà a máa kọ́ ohun ọ̀gbìn lẹ́kọ̀ọ́, pé ẹ̀kọ́ náà á wọnú èso, pé ọmọ tó máa hù lọ́dún tó ń bọ̀ á ti mọ̀ ọ́n látinú ìyá rẹ̀ wá. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ irú rẹ̀ nípa àgbàdo, nípa adìyẹ ìbílẹ̀, àti nípa ọmọ èèyàn pàápàá.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Koríko máa ń gbára dì fún òtútù lóòótọ́. Ẹ mú ryegrass, koríko tí màlúù ń jẹ ní pápá Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá gbé e látibi tó móoru, tí ẹ sọ ọ́ sínú fírísà lójijì, á kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ́kọ́ fi í síbi tí òtútù rẹ̀ wà láàárín 2 sí 5 fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ á yí padà. Kò ní máa ga mọ́. Á máa kó irú ṣúgà kan tí wọ́n ń pè ní fructan jọ sí ìdí rẹ̀ níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di ara rẹ̀, á tún ara rẹ̀ tò kó má bàa le gan. Á sì máa ṣe purotéènì kan tó ń lẹ̀ mọ́ ara yìnyín wẹ́wẹ́, kí wọ́n má bàa dàgbà di ńlá tó lè gún sẹ́ẹ̀lì ya. Ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé purotéènì yìí nínú ryegrass.

Bí yìnyín ṣe ń pa koríko gan-an yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò ó. Omi tó wà lẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì ló máa ń kọ́kọ́ dì. Bó bá ti dì, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde, sẹ́ẹ̀lì á sún kì, awọ rẹ̀ á bàjẹ́. Gbígbẹ ni koríko ń gbẹ kú, àárín omi ló sì wà. Abájọ tí àwọn jíìnì (àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tí ọmọ ń jogún lára òbí) tó ń darí ìgbáradì òtútù, àwọn tí wọ́n ń pè ní CBF, fi jẹ́ mọ̀lẹ́bí àwọn jíìnì tó ń dìde nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Àmọ́ bí ooru bá padà dé, ìgbáradì yẹn á tú láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Koríko tó la òtútù líle já ní oṣù Kìíní lè kú ní oṣù Kẹrin, bí ìrì dídì bá bà lé e lẹ́yìn ọjọ́ olóoru díẹ̀. Bí koríko fúnra rẹ̀ ò bá lè di ẹ̀kọ́ náà mú fún oṣù mẹ́ta, báwo ni èso rẹ̀ ṣe fẹ́ gbé e lọ?

Ìgbàgbọ́ yìí ti ba orílẹ̀-èdè ńlá kan nínú jẹ́ rí. Ní nǹkan bí ọdún 1929, Trofim Lysenko, onímọ̀ ọ̀gbìn kan, di olókìkí ní Soviet Union lórí ọgbọ́n rírẹ irúgbìn àlìkámà, kí wọ́n sì fi í sínú òtútù kó lè tètè so. Ọgbọ́n náà kì í ṣe irọ́. Àlìkámà kan wà tó gbọ́dọ̀ rí òtútù kó tó lè yọ òdòdó, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn kan, Gustav Gassner, sì ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Jámánì ní 1918. Ibi tí Lysenko ti ṣìnà ni pé ó ní ọmọ àlìkámà náà á jogún ìyípadà yẹn. Nikolai Vavilov, onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ará Soviet tó ti rin ilẹ̀ káàkiri kó irúgbìn jọ, wá ta kò ó. Wọ́n mú un ní 1940, ó sì kú sẹ́wọ̀n ní Saratov ní 1943. Nígbà tó di 1948, wọ́n fòfin de ẹ̀kọ́ nípa jíìnì níbẹ̀. Ọdún 1965 ni agbára tó bọ́ lọ́wọ́ Lysenko. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àlìkámà ò gbọ́ òfin.

Ohun tí àlìkámà ń ṣe ni pé ó ń gbàgbé. Jíìnì kan wà nínú rẹ̀, VRN1, tí òtútù ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà máa ń jí díẹ̀díẹ̀. Bó bá jí tán, ohun ọ̀gbìn náà á fi yíyọ ewé sílẹ̀, á bọ́ sí yíyọ òdòdó. Ṣùgbọ́n nígbà tí èso tuntun bá ń dá, jíìnì yẹn á tún padà sùn. Àtìrandíran ni àlìkámà yìí ti ń rí òtútù lọ́dọọdún, síbẹ̀ èyí tí wọ́n bá gbìn lónìí gbọ́dọ̀ rí tirẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti gbà. Bàbá kọ pélé, bàbá bàbá kọ pélé, ọmọ tuntun ṣì ń dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán.

Kí ló wá fà á tó fi ń dà bíi pé ìyà kọ́ koríko lọ́gbọ́n? Ryegrass kì í sábà fi ìyẹ̀fun òdòdó ara rẹ̀ so, atẹ́gùn ló ń gbé e wá láti ara ẹlòmíràn. Nítorí náà, inú àpò irúgbìn kan, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà níbẹ̀. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Norway fún àpò kan sóko, òtútù líle wọlé, ìdajì kú. Àwọn tó kù so, ó gbin èso wọn, ó rí i pé wọ́n le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lójú tirẹ̀, koríko ti kọ́gbọ́n. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí ò lágbára ló ti kú láìbímọ. Òtútù ò kọ́ èyíkéyìí ní nǹkan kan, ó ṣà wọ́n ni. Àwọn tó yè ti ní jíìnì yẹn kí yìnyín tó bọ́.

Àwọn tó ń ṣe irúgbìn tuntun ń fi ìmọ̀ yìí ṣiṣẹ́. Wọ́n á gé ewé àti gbòǹgbò koríko tó ti gbára dì, á ku ìdí rẹ̀ ṣókí. Wọ́n á bò ó mọ́ inú iyanrìn tútù nínú fírísà tí òtútù rẹ̀ ń le sí i ní wákàtí-wákàtí. Bó bá fi 8 lọ sísàlẹ̀ òdo, wọ́n á yọ díẹ̀ síta, bó bá dé 10, díẹ̀, 12, díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún gbogbo wọn gbìn, wọ́n á dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á wo èyí tó tún yọ ewé. Ìwọ̀n òtútù tó pa ìdajì ni wọ́n fi ń mọ agbára irú koríko kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ tó jọ ọ́ ò jìnnà sí wa. Ní Ìkẹnnẹ́, IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, ti ń dán àgbàdo wò lórí ọ̀gbẹlẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín. Wọ́n á bomi rin ín fún bí oṣù kan, wọ́n á wá dáwọ́ omi dúró kó tó yọ òdòdó. Ẹni tó bá gba ẹ̀bá oko kọjá lè rò pé wọ́n ń fìyà kọ́ àgbàdo ni. Àmọ́ ṣíṣà ni wọ́n ń ṣà á. Irun orí ọmọ àgbàdo wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Bí omi bá wọ́n, àgbàdo tí ò lè fara dà á á ti tú ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù tán kí irun tó jáde, ọmọ àgbàdo náà ò sì ní ní hóró lára. Èyí tí irun rẹ̀ tètè jáde pẹ̀lú òǹgbẹ náà ni wọ́n ń mú. Èyí tó wá fọ́ ìgbàgbọ́ ìyà yẹn yángá ni pé, èso tí wọ́n á fi tẹ̀ síwájú lè wá láti ara àgbàdo irú kan náà tó wà nínú oko olómi, tí kò jẹ ìyà kankan. Jíìnì kan náà ni.

Mi ò sọ pé ìyá ò lè ran ọmọ lọ́wọ́. Èso tó yó dáadáa lára ìyá rẹ̀ á fagbára hù ju èyí tó rù lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìyẹn, kì í wọ ìran. Kò sì sí jíìnì kan ṣoṣo tó ń lé òtútù lọ. Nínú àlìkámà àti bálì, apá tó ń ṣiṣẹ́ jù wà lórí kúrómósóòmù karùn-ún (kúrómósóòmù ni okùn tí àwọn jíìnì tò sí), ọ̀pọ̀ kéékèèké yòókù sì fọ́n káàkiri. Ìdí nìyẹn tí kò fi rọrùn láti rí koríko tó dùn lẹ́nu màlúù bíi ryegrass, tó sì le bíi timothy, koríko tí àwọn ará Finland ń gbìn. Wọ́n ti fi ryegrass àti koríko mìíràn tí wọ́n ń pè ní fescue bí ọmọ pọ̀, wọ́n pe ọmọ náà ní Festulolium, kí ó lè mú díẹ̀ lára ìwà àwọn méjèèjì.

Ní ti irúgbìn Kánádà yẹn, bí àwọn ará Quarantine, àwọn tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn tó ń wọ ìlú wò, bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i kó wọlé, ilẹ̀ Ṣàgámù ò lè tẹ́ ẹ lọ́rùn. Á hù, ooru á mú un, àwọn tó bá sì rọ́jú yè nínú rẹ̀ ò ní so, torí òtútù tó yẹ kó jí wọn ò ní wá. Èèsún àti guinea grass tó wà nílẹ̀ wa ò lè gba yìnyín sára, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà á. Kí ẹ gé wọn nígbà tí ewé wọn ṣì rọ̀, bí òjò bá ti ń dá lọ ní ìparí oṣù Kẹwàá, kí ẹ sá wọn títí wọn á fi gbẹ láìpọ́n, kí ẹ dì wọ́n, kí ẹ sì kó wọn sókè pẹpẹ níbi tí ikán àti òjò ò ti ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdì kọ̀ọ̀kan á bọ́ àgbò nígbà tí àwọn yòókù bá ń sáré èèpo ẹ̀gẹ́ kiri.