Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ fúẹ́lì fítà mọ́tò nílé

Mọ́tò tí fúẹ́lì fítà ẹ̀ ti dí kì í sábà kú lójijì. Tó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárín Ṣábó sí Agric n'Íkòròdú, kò ní ṣe nǹkan kan, àmọ́ tó bá ti bọ́ sí ọ̀nà Ṣágámù, lápá Ọ̀dógúnyàn, tí dírẹ́bà wá tẹná kó lè ya tírélà sílẹ̀, ńṣe ló máa dà bí ẹni tí wọ́n di ìdí ṣòkòtò ẹ̀ mú. Plọ́ọ̀gì náà lè fà á o, pọ́ǹpù náà lè fà á, ṣùgbọ́n fítà ló rọrùn jù láti kọ́kọ́ wò.

Inú táńkì ni pọ́ǹpù ti ń ti epo lọ síwájú. Iyanrìn, ìpẹtà, gbogbo ìdọ̀tí inú epo kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì nígbà tí epo bá wọ́n, bébà tí wọ́n ká jọ sínú fítà ló ń gbà á dúró kó má bàa dé nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Tí bébà yẹn bá kún, pọ́ǹpù á máa fi tipátipá ṣiṣẹ́, owó pọ́ǹpù sì ju owó fítà lọ fíìfíì.

Ibi tí fítà wà yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò. Ti Toyota Camry tí wọ́n ń pè ní Pencil Light wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, nítòsí ilé fítà atẹ́gùn, ti àwọn mìíràn wà lábẹ́ mọ́tò lápá táńkì. Èyí tó bá wà nínú táńkì pẹ̀lú pọ́ǹpù, bíi ti ọ̀pọ̀ mọ́tò ìgbàlódé, kí wọ́n kúkú gbé e fún mẹkáníìkì.

Sípánà kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí, agbára tó wà nínú páìpù epo ni. Epo inú ẹ̀ le ju atẹ́gùn tí fọkanáísà ń fẹ́ sí táyà mọ́tò kékeré lọ, ó lè tó 40 psi, pípa mọ́tò nìkan ò sì ní kó rọlẹ̀. Fíyúùsì pọ́ǹpù ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ, wọ́n á wá sítáàtì mọ́tò, á wúkọ́, á kú fúnra ẹ̀, wọ́n á tún kíìkì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yọ máínọ́ọ̀sì bátìrì, wọ́n á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Oru epo wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ló ń rá lọ, torí náà kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kú ná, kí ẹni tó ń dín àkàrà sún síwájú, kí wọ́n sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì iyanrìn gbígbẹ sítòsí.

Abọ́ á wà nísàlẹ̀, àkísà á wé mọ́ nọ́ọ̀tì. Sípánà kan á di fítà mú, ìkejì á máa tú nọ́ọ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ páìpù á lọ́. Tí wọ́n bá yọ fítà àtijọ́ tán, kí wọ́n dà á láti ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé sínú abọ́ funfun, nǹkan tó máa jáde á dúdú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Àwọn kan á ní kí wọ́n kàn fẹ́ ẹ pẹ̀lú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ìdọ̀tí tó ti há sínú bébà kì í jáde tán bẹ́ẹ̀ o, ìyẹn ò sì ju kó gbé mọ́tò dé Mile 12. Fítà tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ má dán an wò.

Ọfà wà lára fítà tuntun, ẹ́ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Wáṣà bàbà tuntun ni wọ́n á lò nídìí nọ́ọ̀tì, ti àtijọ́ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, á máa jò.

Tí fíyúùsì àti bátìrì bá ti padà, kí wọ́n má tíì sítáàtì. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí wọ́n pa á, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pọ́ǹpù á máa dún hùùù lẹ́yìn. Kí wọ́n fi ìka gbo ìdí nọ́ọ̀tì, tó bá gbẹ, ẹ sítáàtì. Tí òórùn epo bá ṣì ń jáde lọ́jọ́ kejì, ìdí wáṣà yẹn náà ni kí wọ́n padà sí.