Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ẹran Ìgbẹ́ ní Ìbàdàn

Ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹran ìgbẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ tí a ń ṣe fún ẹranko tàbí ẹyẹ inú igbó tó ń ṣàìsàn, tó fara pa tàbí tó pàdánù ìyá rẹ̀, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré, tàkúté, ajá àti igbó tí wọ́n ń sun nígbà ọyẹ́ wà lára ohun tó ń fà á. Nígbà mìíràn, ọdẹ a pa ìyá, a sì bá ọmọ lóòyẹ̀.

Akika

Akika (Phataginus tricuspis), ẹran tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀, gba ìṣọ́ra púpọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan, ọmọ náà a sì dì mọ́ ìdí ìrù ìyá rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ róbótó. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ wà láàárín, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi agbára tú u. Kò ní eyín. Ahọ́n gígùn ló fi ń lá èèrà àti ikán, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì kò sì lè rọ́pò wọn. Ìnira àhámọ́ àti àìrí oúnjẹ tó bá a mu sábà máa ń pa á, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ó sun ilé ẹni tó rí i. Ní 2016 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹran àti ewéko tó wà nínú ewu, fi gbogbo irú akika mẹ́jọ sí ìpele ààbò tó ga jù.

Gbígbé ẹran

Páálí tí a dá ihò sí, tí a tẹ́ aṣọ sí, tí a sì gbé síbi tó ṣókùnkùn tó dákẹ́ ti tó. A kì í rọ omi sí ẹran lẹ́nu, nítorí omi lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mílíìkì màlúù máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ ọmọ ẹran. Ọmọ ẹyẹ tó ti húyẹ́, tó ń tọ pọ́npọ́n nílẹ̀, sábà máa ń ní òbí nítòsí. Kì í ṣe aláìníyàá.

Ẹni tí ẹran bá gé jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Ibi tí a lè lọ

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ọgbà ẹranko yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ ní 1948 fún ìkọ́ni, ó sì di ọgbà ẹranko kíkún ní 1974. NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, ló ń bójú tó òfin àyíká, títí kan ti òwò ẹran tó wà nínú ewu.

Ìdápadà sínú igbó jẹ́ ìpinnu àwọn onímọ̀ ẹran ìgbẹ́. Igbó tó kù kò pọ̀. Èyí tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 350, ni ẹyẹ Malimbus ibadanensis ṣì ń gbé.