Owó-orí oníṣẹ́ ọwọ́: ọjọ́ tówó bá wọlé ni kí ẹ ti yọ ọ́

Ẹni tó ń gba owó oṣù kì í fojú kan owó-orí rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ti yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin aránṣọ, gbẹ́nàgbẹ́nà, onídìrí, wẹ́dà àti oníkéèkì tí ẹ wà káàkiri Ìkòròdú, kò sẹ́ni tó ń bá yín yọ tiyín. Odindi owó ló ń bọ́ sí yín lọ́wọ́, odindi náà lẹ sì ń ná. Tó bá wá di oṣù Kẹta tí gbèdéke owó-orí máa ń pé, owó iléèwé ọmọ àti owó ilé ti gbé e lọ. Nínú iṣẹ́ ìṣirò tí mò ń ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, n kò tíì rí ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ tó èyí. Owó-orí náà kì í sábà pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Àìbá owó nílẹ̀ ló ń dunni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò nílẹ̀. Látìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1, oṣù Kìíní, 2026, làwọn èèyàn ti ń sọ pé ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá ju ₦100 mílíọ̀nù lọ lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì, tí "Limited" wà nídìí orúkọ rẹ̀, lọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Tó bá jẹ́ "Ventures" tàbí "Enterprises" ló wà lára pátákó yín, ẹ̀yin àti iṣẹ́ yín, ọ̀kan náà ni lójú òfin. Owó-orí ti ara ẹni lẹ máa san, LIRS, àjọ tó ń gba owó-orí fún Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ sì máa san án fún. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń já fún yín lọ́jà kò sí lára rẹ̀, owó ẹgbẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Ẹ lè ti san gbogbo ìyẹn kí ẹ ṣì jẹ gbèsè owó-orí.

Èrè ni wọ́n ń bu owó-orí lé, kì í ṣe gbogbo owó tó gba inú àkáǹtì yín kọjá. Ká ní aránṣọ kan ní Sábó gba ₦6,000,000 lọ́wọ́ oníbàárà lọ́dún. Òwú, síìpù, láínìn, owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀, owó àwọn tó ń bá a rán, owó ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò nígbà tó bá ń lọ ra ọjà ní Balógun, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,700,000. Èrè rẹ̀ ku ₦3,300,000. Ó ń san ₦600,000 fún ilé tó ń gbé. Òfin gbà kó yọ náírà 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé yẹn, bí ohun tó yọ kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Ó ku ₦3,180,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦330,000. ₦180,000 tó ṣẹ́kù, náírà 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦32,400. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦362,400.

Bí wọ́n bá ní kó kó o sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, orí rẹ̀ á fọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń yọ náírà méje nínú ọgọ́rùn-ún owó yòówù tó bá wọlé, á ti ní ₦420,000 nílẹ̀. Lára owó ìránṣọ ₦25,000, ₦1,750 péré ni. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí kò ní káàdì ni kó máa lọ, lọ́jọ́ tí owó wọlé gan-an. N kò ní kí ẹ gbé e fún alájọ, torí yóò yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀ lóṣooṣù.

Méje yẹn kì í ṣe ti gbogbo ayé o. Onífọ́tò tó gba ₦4,000,000, tí ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ₦500,000 lọ, tí kò sì san owó ilé, máa san ₦420,000. Ó yẹ kí tirẹ̀ tó náírà mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló ń gba èèyàn sílẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kì í já rìsíìtì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ẹ bá kó àjọ, bí ẹ yá owó ní kóópù, bí ẹ̀gbọ́n yín fi owó ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́, ẹ kọ ohun tó jẹ́ síwájú rẹ̀, torí kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó tí ẹ̀yin fúnra yín ń mú jẹun kì í ṣe ìnáwó iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, ọdún mélòó kan ni wọ́n ń pín iye rẹ̀ sí.

Owó tí ẹ bá rí ní 2026, ọjọ́ 31, oṣù Kẹta, 2027 ni gbèdéke ìwé owó-orí rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ẹ ó fi sọ iye tó wọlé àti èyí tí ẹ ná sórí iṣẹ́. NIN yín ni nọ́ńbà owó-orí yín, orí ìkànnì eTax ti LIRS lẹ sì ti máa fi ìwé náà sílẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ kódà bí ẹ kò bá ní san nǹkan kan. Ìtanràn ẹni tí kò fi ìwé sílẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ₦50,000 lóṣooṣù. Ó ju owó-orí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ! Ẹni tí kò bá sì kọ ohunkóhun, LIRS láṣẹ láti fojú ara wọn dá iye tó máa san. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má jù ú sí dúrọ́ọ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti kọ̀wé pé ẹ kò fara mọ́ ọn, ìwé àkọsílẹ̀ yẹn lẹ sì máa kó síwájú wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ san, báńkì tàbí ìkànnì ni kí ẹ gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìsanwó tí wọ́n fún yín. Ẹ má fi owó sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kó bá yín san án, ì báà jẹ́ èmi oníṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ wọlé sí ojú ewé yín lórí ìkànnì náà, kí ẹ rí i pé owó náà ti hàn sí orúkọ yín.