Ìsàlẹ̀ Ojú Ìwé Ni Wọ́n Ti Mú Un: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Ọ̀nà Tí Òpìtàn Fi Ń Kojú Ẹni Tó Ń Sẹ́ Ìpakúpa Àwọn Júù

Deborah Lipstadt, òpìtàn Júù ará Amẹ́ríkà tó fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí ìkórìíra àwọn Júù, ní èèwọ̀ kan: kì í bá ẹni tó bá ń sọ pé ìjọba Násì, ìyẹn ìjọba Hitler ní Jámánì, kò pa àwọn Júù jiyàn. Lójú tirẹ̀, bí wọ́n bá gbé àga méjì síwájú èrò, tí òpìtàn jókòó sórí ọ̀kan, tí onírọ́ jókòó sórí èkejì, irọ́ náà ti jèrè kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Mílíọ̀nù mẹ́fà Júù ló kú sọ́wọ́ àwọn Násì, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣe àpárá. Ohun tó gbà láti ṣe ni kí ó kọ̀wé nípa àwọn tó ń sẹ́ náà àti ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Ìwé yẹn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1993, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Penguin sì gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1994. Orúkọ David Irving, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ ìwé ìtàn, wà nínú rẹ̀.

Irving kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Kò gba oyè yunifásítì nínú ìmọ̀ ìtàn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Jámánì dáadáa, ó sì mọ bí a ti ń wá ìwé tí ẹlòmíràn kò tíì rí kàn. Àwọn òpìtàn gidi kan bọ̀wọ̀ fún un nígbà náà nítorí èyí, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ léwu ju ti àwọn tó kàn ń pariwo lọ. Nígbà tó di 1996, ó pe Lipstadt àti Penguin lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti London.

Ó mọ ìdí tó fi yan London. Ní Amẹ́ríkà, olókìkí tó bá pẹjọ́ ni yóò fi hàn pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun, àti pé ẹni tó pa á mọ̀ tàbí kò bìkítà. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa náà jogún ní Nàìjíríà, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ni ẹrù ẹ̀rí wà lórí rẹ̀. Bí Lipstadt bá dákẹ́, ó ti jẹ̀bi nìyẹn. Èèwọ̀ rẹ̀ wá di ìṣòro: ẹni tí kì í bá wọn jiyàn ti bá ara rẹ̀ nínú àríyànjiyàn tí kò lè sá fún.

Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀, Anthony Julius àti James Libson, pẹ̀lú Richard Rampton tó rojọ́ ní kóòtù, ló wá ọ̀nà àbáyọ. Wọn kò ní jẹ́ kí ẹjọ́ náà di ìbéèrè bóyá ìpakúpa náà ṣẹlẹ̀. Irving fúnra rẹ̀ ni wọn yóò yẹ̀ wò: ṣé ó mọ ohun tí ìwé ẹ̀rí sọ, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ òmíràn? Nítorí náà, wọn kò pe ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó la ibùdó ikú já láti wá jẹ́rìí. Wọ́n ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Toronto ní 1985, níbi tí agbẹjọ́rò ẹni tó ń sẹ́ ìpakúpa ti fi ìbéèrè gún irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ lára lórí ohun tí ojú wọn rí. Ní London, Irving fúnra rẹ̀ ló ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Òun gan-an ni ìbá dìde bi wọ́n. Lipstadt pàápàá kò jẹ́rìí, ìwé rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ fún un. Tọ̀tún-tòsì tún gbà pé kí adájọ́ kan ṣoṣo, Charles Gray, dá ẹjọ́ náà láìsí ìgbìmọ̀ ará ìlú, nítorí ìwé tí wọ́n máa kà pọ̀ jọjọ. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ kì í sọ ìdí, adájọ́ ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Richard Evans, òpìtàn Cambridge, ni wọ́n gbé iṣẹ́ ńlá náà fún, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì. Bí wọ́n ti ṣe é rèé. Wọ́n mú gbólóhùn kan nínú ìwé Irving, wọ́n wo ìtọ́kasí rẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé, wọ́n lọ wá ìwé tó tọ́ka sí. Wọn kì í ka ìlà tó mú nìkan. Ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń kà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi ìtẹ̀jáde ọdún kan wé ti òmíràn, kí wọ́n rí ohun tó yọ kúrò. Òfin sì mú kí Irving kó ìwé ìrántí ojoojúmọ́ àti lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi mọ ohun tó mọ̀ àti ìgbà tó mọ̀ ọ́n. Ìròyìn Evans lé ní 700 ojú ìwé. A máa ń sọ pé bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ọ̀ràn yìí, ó ju ọdún kan lọ kí òtítọ́ tó bá a, owó ńlá sì bá a lọ.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1941, Himmler, olórí SS, ẹgbẹ́ ológun àwọn Násì, pe Heydrich tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣókí: ọkọ̀ àwọn Júù láti Berlin, kí wọ́n má pa wọ́n. Irving sọ ọ́ di àṣẹ Hitler pé kí wọ́n má pa Júù kankan. Ọkọ̀ ojú irin kan péré ni ìwé náà ń wí, kò sì sọ pé Hitler ló pàṣẹ. Àwọn bí 1,000 tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n ti yìnbọn pa wọ́n ní Riga, ní Latvia, láàárọ̀ ọjọ́ náà kí fóònù tó dún. Lọ́jọ́ kejì, Himmler kọ ọ́ pé àwọn alábòójútó SS ní láti dúró. Ọ̀rọ̀ Jámánì tó lò ni *haben*. Irving kà á sí *Juden*, ó di pé àwọn Júù ni yóò dúró síbi tí wọ́n wà.

Ti Dresden, ìlú kan ní Jámánì, tún yàtọ̀. Ìwé ìjọba kan ní 1945 ka òkú 20,204 lẹ́yìn tí bọ́ǹbù jó ìlú náà, ó sì retí pé yóò tó 25,000. Ẹnìkan fi òdo kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 202,040 àti 250,000. Ayédèrú yìí ni Irving gbé lárugẹ.

Ní ti Auschwitz, ibùdó ikú àwọn Násì, Irving gbára lé ìròyìn Fred Leuchter, ará Amẹ́ríkà tó lọ gé bíríkì lára ògiri yàrá gáàsì ní 1988, tó ní cyanide, májèlé inú gáàsì náà, tó wà nínú rẹ̀ kéré jù. Cyanide kì í wọ inú bíríkì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà lọ. Wọ́n lọ gbogbo òkúta tó gé lúúlúú, ìwọ̀nba tó wà lójú rẹ̀ sì pòórá sínú èyí tó kù. Lẹ́yìn náà, iná ara aṣọ, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, le láti pa ju èèyàn lọ: nǹkan bí 300 nínú mílíọ̀nù kan ń pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n iná nílò púpọ̀púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé yàrá tí wọ́n ti ń fín iná ní cyanide lára ògiri ju ibi tí wọ́n ti pa èèyàn lọ.

Ẹni tó ń wọn gàrí tó bá ń ṣì í wọ̀n, lọ́jọ́ kan á lé, lọ́jọ́ kejì á dín. Èyí tó ń dín lójoojúmọ́ kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Bákan náà ni gbogbo àṣìṣe Irving ṣe forí sọ́nà kan: wọ́n ń fọ Hitler mọ́. Adájọ́ Gray tẹnu mọ́ ọn nínú ìdájọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 2000, lẹ́yìn ọjọ́ 32 ní kóòtù, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ yí ẹ̀rí po léraléra, pé ó ń sẹ́ ìpakúpa náà, ó sì kórìíra àwọn Júù.

Gbogbo ohun tí Lipstadt kọ kọ́ ló rí ẹ̀rí sí, ẹ má gbàgbé. Ó kọ ọ́ pé Irving gbé àwòrán Hitler kọ́ sókè tábìlì rẹ̀, ó sì tún sọ̀rọ̀ nípa ìwé àkọsílẹ̀ Goebbels, mínísítà ìpolongo Hitler, ní Moscow. Kò sí èyí tó dúró níbẹ̀. Òfin ìbanilórúkọjẹ́ ti 1952 ló gbà á sílẹ̀: bí èyí tó burú jù bá ti jẹ́ òtítọ́, èyí tó kù kò ba orúkọ ẹni náà jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Òpìtàn tó bá fẹ́ tọ ipa yìí gbọ́dọ̀ rántí pé kò sí ìdánilójú pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò wà nílùú tí wọ́n ti pè é.

Irving kò san £150,000 tí kóòtù kọ́kọ́ bu lé e. Wọ́n kéde rẹ̀ ní onígbèsè ní 2002. Yunifásítì Emory, níbi tí Lipstadt ti ń kọ́ni, gbé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà àti ìròyìn àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà fi Lipstadt fúnra rẹ̀ ṣe aṣojú àgbà tó ń gbógun ti ìkórìíra àwọn Júù káàkiri ayé.

Austria gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sẹ́ ìpakúpa náà, wọ́n sì mú Irving ní 2005. Lipstadt kò fara mọ́ fífi í sẹ́wọ̀n, ó ní kò yẹ kí wọ́n fi òfin dí ẹnu ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kejì 2006, wọ́n dá ẹjọ́ náà ní Vienna, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Irving ti gbà pé òun jẹ̀bi. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ti parí.