Ẹ bọ́ bàtà gogoro kẹ́ ẹ tó gun òkè Adó-Àwáyè

Lẹ́yìn Ojúde Ọba làwọn ẹgbẹ́ régbérégbé máa ń pè mí pé kí n mú àwọn lọ wo Iyake, adágún orí òkè Adó-Àwáyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbéèrè wọn kì í yí padà: òtẹ́ẹ̀lì tó wà lórí òkè ńkọ́? Ṣé ká mú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ dání? Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, òkè Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River lẹ ń rò. Obudu làwọn ará Scotland ti bẹ̀rẹ̀ oko màlúù ní 1951, ibẹ̀ nìjọba Donald Duke, gómìnà wọn nígbà kan, ṣe ọkọ̀ orí wáyà sí. Àtẹ̀gùn 369 lẹ máa bá ní Adó-Àwáyè. Ogun làwọn baba ńlá ará Adó ń sá fún tí wọ́n fi gorí òkè yẹn, kì í ṣe fàájì.

Bàtà lọ̀rọ̀ mi. Àpáta gidi lòkè náà, inú kòtò àpáta lomi ọ̀hún dúró sí. Bí òjò bá ti rọ̀, etí omi á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Kì í ṣe sílípáàsì, kì í ṣe gogoro aṣọ ẹbí. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, mi ò gòkè, ì báà jẹ́ Gíwá ẹgbẹ́ ló ń bínú. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi tíì kán lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Omi ńkọ́? Ẹ má wọ̀ ọ́. Ní Hanging Lake ti Colorado, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń fi Iyake wé, òfin ò jẹ́ kéèyàn ti ẹsẹ̀ bọ omi, torí òróró ara wa ń ba òkúta ibẹ̀ jẹ́. Kò sí àǹjọ̀nú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ará Adó ń ṣọdún òkè wọn, mo bọ̀wọ̀ fún un; àwọn tó ń gbé e kiri lórí fóònù pé ayé mìíràn wà nísàlẹ̀ Iyake ni mi ò lè fara dà.

Alàgbà kan láti Ṣágámù gbọ́ tiwọn, ló bá so òkúta mọ́ okùn, ó ní òun fẹ́ wọn jíjìn omi. Ó ń tú okùn sílẹ̀ ṣáá, ó ń pariwo pé kò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkúta ti gúnlẹ̀ tipẹ́, okùn lásán ló ń ká sínú omi. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ti yọ̀. Ọrùn agbádá ni mo fi gbá a mú. Nínú ọkọ̀ tá a fi ń padà bọ̀, ó ń sọ fún gbogbo wọn pé ọwọ́ kan ló fa òun láti inú omi. Mo ní kí bàbá gbé bàtà wọn sókè ká wò ó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ó ń dán.