Ẹsẹ̀ Ò Mọ̀ Pé O Ò Sùn

Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tàbí Agége, tó sì fẹ́ sá eré Lagos City Marathon, ti yááfì oorun òru Jímọ́ lọ́jọ́ tó forúkọ sílẹ̀. Àárọ̀ kùtù Sátidé ni eré náà máa ń gbéra ní National Stadium, Sùúrùlérè, kí oòrùn tó mú. Kéèyàn tó lè débẹ̀ lásìkò, ó ní láti jí nígbà tí àwọn oníṣọ́ òru ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ìwọ̀nba oorun tó bá kù, ooru, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò àti àyà tó ń já á pín in jẹ.

Bó bá débẹ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni pé agbára rẹ̀ ti tán. Irọ́ tó gbajúmọ̀ ni. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí kò sùn mọ́jú síbi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò, ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara rẹ̀ lè lò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Iṣan itan rẹ̀ ṣì lè fà, ó ṣì lè tì. Òru kan ṣoṣo kéré láti ba ìwọ̀nyí jẹ́. Ẹsẹ̀ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò sùn.

Ọpọlọ ló mọ̀, ọpọlọ náà ló sì ń bu iye lé iṣẹ́.

Gunnar Borg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ṣì ń lò dòní láti fi mọ bí iṣẹ́ ṣe wúwo lára ẹni tó ń ṣe é. Láti 6 dé 20 ni: ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ wà ní 6, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́ wà ní 20. Ọgbọ́n wà nínú nọ́ńbà tó dà bí wọ́nkuwọ̀nku yìí. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 10, yóò sún mọ́ iye ìgbà tí ọkàn ọ̀dọ́ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, láti 60 dé 200. Àìsùn ló máa ń da ìṣirò yìí rú. Ọkàn ò kúrò níbi tó wà, àmọ́ nọ́ńbà tí ẹnu ń pè fún eré kan náà ti gòkè.

Ká fi dánfó wò ó. Láti Ojúẹlẹ́gba sí CMS, ọkọ̀ kan náà ni, epo kan náà ni, ọ̀nà kan náà ni. Kọ̀ńdọ́ kàn gbójú sókè, ó rí i pé òjò ṣú, ló bá fowó lé owó ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì kò ní àìsàn kankan. Owó àpò èrò kò dín, àmọ́ kò lè gbé e dé CMS mọ́. Á bọ́ sílẹ̀ ní Costain, á sì máa sọ fún gbogbo ayé pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Kò tiẹ̀ rí ẹni bá jà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni èrò, òun náà ni kọ̀ńdọ́.

Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2009, àwọn olùwádìí ní Bangor, nílẹ̀ Wales, ní kí ọkùnrin 11 sáré lórí ẹ̀rọ fún 30 ìṣẹ́jú, kí kálukú lọ jìnnà tó bó bá ṣe lè lọ. Nígbà tí wọ́n sùn, 6,224 mítà ni wọ́n sá, bí a bá pín in dọ́gba. Nígbà tí wọ́n ti wà lójúfò fún 30 wákàtí, ó di 6,037. Ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni pé, bí wọ́n ṣe ní iṣẹ́ náà wúwo tó kò yí padà láàárín ọjọ́ méjèèjì. Owó kan náà ni wọ́n san, ọkọ̀ ò kàn gbé wọn dé ibùdókọ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ò ju nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún ẹni tó máa ń fi wákàtí kan sá kìlómítà 10, bíi ìṣẹ́jú méjì nìyẹn. Tábìlì omi tí èrò bò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adenosine, èròjà kan nínú ọpọlọ, wà lára ohun tó ń fowó lé e. Bí ọpọlọ bá ṣe ń pẹ́ lójúfò ló ń kóra jọ, oorun ló sì ń gbá a kúrò. Kafíìnì kì í gbá a; ńṣe ló máa ń lọ gba ìjókòó rẹ̀. Ìdí nìyí tí kọfí fi ń ran asáré lọ́wọ́, tí obì gbàǹja sì fi ń ran awakọ̀ òru lọ́wọ́. Ìdajì kafíìnì náà ṣì máa ń wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nítorí náà òwúrọ̀ ìje ló wúlò fún. Ẹni tó mu ún ní alẹ́ Jímọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ lé oorun tó kù lọ.

Ìmọ̀ràn tó sì yẹ kó kásẹ̀ nílẹ̀ ni èyí tó ní kéèyàn sùn tipátipá lálẹ́ ọjọ́ tí ìje ku ọ̀la. Ẹni tó ń wo aago, tó ń bẹ oorun, kò ní sùn. Oorun ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló lẹ́rù tó ń gbé. Ní Yunifásítì Stanford, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 ní kí àwọn agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ máa lo wákàtí 10 lórí ibùsùn lóru, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje. Eré àsápajúdé tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú àáyá 16.2 sá di 15.5.

Ibi tí òru kan ṣoṣo ti lè pani lára gan-an ni ìdí ọkọ̀. Àìsùn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ba iṣan jẹ́ máa ń mú kí ojú àti ọwọ́ pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, ó sì lè mú kí awakọ̀ tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láìmọ̀ pé òun tòògbé. Nígbà tí eré bá sì fi máa parí ní Eko Atlantic, kafíìnì òwúrọ̀ ti ń lọ sílẹ̀, ara ti rẹ̀ gan-an. Ẹlòmíì tó sùn ni kó wakọ̀ padà sílé.