Igbó kìjikìji tó di èédú ní Kòlóńbíà

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan ní ibi ìwakùsà èédú Cerrejón, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, òkúta kan wà tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé ẹ̀ka igi tó di òkúta ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ wá wò ó, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹranko ni wọ́n bá.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó egungun láti inú kòtò náà lọ sí mùsíọ́ọ̀mù kan ní Florida nìyẹn. Àṣìṣe kejì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: wọ́n kọ "ọ̀nì" sí eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀nì gan-an jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e yẹ̀ wò, ó ní èyí kì í ṣe ti ọ̀nì rárá. Wọ́n gbé eegun anaconda, ejò tó tẹ̀wọ̀n jù láyé òní, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àfi bí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá! Ní 2009 ni wọ́n sọ ejò náà ní Titanoboa: gígùn rẹ̀ tó mítà 13, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Alábahun ibẹ̀ náà kò kéré. Ìkarawun ọ̀kan nínú wọn gùn ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ ní ìdúró, mítà 1.72.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ewé ibẹ̀ ló ní ìtàn jù. Ejò kàn ń gba ìyìn ni.

Ẹ wò ó: kí òkúta ńlá tó já láti ojú ọ̀run lu ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, igbó apá ibẹ̀ kò ṣú. Àwọn igi bíi páìnì wà láàárín àwọn igi olódòdó, àyè wà láàárín igi sí igi, oòrùn sì ń kan ilẹ̀. Òkúta tó pa dáínásọ̀ yẹn gbá nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún irú ewéko ibẹ̀ lọ. Ó gba bíi mílíọ̀nù 6 ọdún kí onírúurú ewéko tó tún pọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá, igbó tó sì wá hù kì í ṣe èyí tó lọ. Àwọn olódòdó gba ilẹ̀, wọ́n fi ewé bo ojú ọ̀run pátápátá. Ìdílé ẹ̀wà, tí igi igbá tí a fi ń ṣe irú ọbẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, pọ̀ láàárín wọn.

Àwọn onímọ̀ nípa ewéko ayé àtijọ́, Mónica Carvalho, Carlos Jaramillo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ló gbé èyí jáde ní 2021. Ewé tó di òkúta tí wọ́n yẹ̀ wò ní Kòlóńbíà lé ní 6,000, lẹ́búlẹ́bú òdòdó lé ní 50,000. Lára ewé mìíràn, ojú ibi tí kòkòrò ti bù jẹ ṣì hàn kedere.

Ilẹ̀ gbígbẹ, eléruku, ni Cerrejón báyìí. Igi igbó ìgbà náà ló di èédú tí rélùwéè ń kó lọ sí èbúté Puerto Bolívar, ìrìn kìlómítà 150, kí ọkọ̀ òkun tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa dáná sun ún.